Villa orí erékùṣù ní Maldives: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣètò ẹ̀, látorí owó dórí ẹrù

Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń dé àwọn ilé orí omi tá à ń rí nínú fọ́tò yẹn, èló ni wọ́n ń gbà, ṣé wọ́n máa fún ọmọ Nàìjíríà ní físà?" Mo ti ń dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn tipẹ́, ẹ jẹ́ n kó gbogbo ẹ̀ sójú kan báyìí. Maldives, orílẹ̀-èdè erékùṣù tó wà nínú Òkun Íńdíà, ni mo máa sọ̀rọ̀ ẹ̀, torí pé ètò tiwọn yé èèyàn: erékùṣù kan, resort kan, ìyẹn hòtẹ́ẹ̀lì ìgbafẹ́ tó ní villa àti ilé oúnjẹ tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti dé erékùṣù yẹn, kò sí abúlé níbẹ̀, kò sí ọjà, kò sí bùkátẹ́ríà, àwọn àlejò àti òṣìṣẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sè lẹ máa jẹ, iye tí wọ́n bá pè é náà lẹ máa san. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tó pọ̀ jù fi jẹ́ èyí tẹ́ ẹ máa ṣe kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú: ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí fọ́tò villa. Orí ọkọ̀ tó máa gbé yín láti Malé, olú ìlú wọn, dé erékùṣù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ló máa pinnu bàlúù tẹ́ ẹ máa wọ̀ ní Lagos, òun ló máa pinnu ìwọ̀n ẹrù yín, òun náà ló tún máa ń gba owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ṣírò mọ́ ọn.

Èwo lẹ fẹ́ gan-an?

Oríṣi mẹ́ta ló wà.

Villa etíkun: orí iyanrìn ló wà, igi àgbọn yí i ká, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ bọ́ sórí iyanrìn. Tẹ́ ẹ bá mú ọmọdé tàbí àgbàlagbà dání, èyí ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ má jẹ́ kí fọ́tò tàn yín.

Villa orí omi: wọ́n gbé e lé òpó nínú ọ̀sà, àtẹ̀gùn wà lẹ́yìn ẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Ó rẹwà lóòótọ́, mi ò ní purọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní nǹkan kan tó lè dá ọmọ kékeré dúró kó má já sómi, àwọn resort kan ò tiẹ̀ gba ọmọdé síbẹ̀ rárá. Ibẹ̀ sì lè jìnnà sílé oúnjẹ, kẹ̀kẹ́ lẹ máa gùn tàbí kí wọ́n wá fi ọkọ̀ kékeré gbé yín. Ẹ béèrè bóyá ìlà oòrùn ló kọjú sí àbí ìwọ̀ oòrùn, torí èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn sábà máa ń wọ́n jù, ooru ìrọ̀lẹ́ ẹ̀ náà sì pọ̀.

Odindi erékùṣù: Voavah tí Four Seasons ń bójú tó ní Baa Atoll (ọ̀wọ́ erékùṣù ni wọ́n ń pè ní atoll) wà nínú wọn, Ithaafushi tó wà lábẹ́ Waldorf Astoria náà. Ẹ̀yin àtàwọn èèyàn yín nìkan ni wọ́n máa gbé e fún, pẹ̀lú òṣìṣẹ́. Ẹbí ńlá tàbí àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ dáwó jọ lèyí wà fún. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ tọkọtaya péré, mi ò rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, villa kan ti tó yín.

Ọkọ̀ láti Malé dé erékùṣù

Pápákọ̀ òfurufú Velana ni bàlúù yín máa balẹ̀ sí, ó wà lórí erékùṣù Hulhulé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Malé. Láti ibẹ̀:

- Spíìdì bọ́ọ̀tì: ó wà fún àwọn resort tó wà nítòsí, pàápàá ní North Malé àti South Malé Atoll. Ó máa ń rìn lóru, owó ẹ̀ kéré jù. Tí òkun bá ń ru, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára, ẹni tí èébì máa ń gbé kó lo oògùn kó tó wọ̀ ọ́.
- Seaplane: bàlúù kékeré tó ń balẹ̀ sórí omi, èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń gbà. Ojú mọmọ nìkan ló ń fò. Ẹ tún ìlà yẹn kà.
- Bàlúù abẹ́lé pẹ̀lú bọ́ọ̀tì: ti àwọn erékùṣù tó jìnnà ní àríwá tàbí gúúsù. Ó lè fò lálẹ́, torí náà ó máa ń gba ẹni tó bá dé ní ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀.

Ibi seaplane yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí wàhálà, ẹ jẹ́ n là á sílẹ̀ dáadáa. Tí bàlúù yín láti Doha tàbí Dubai bá balẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí aago 3:30 ọ̀sán, ẹ má retí seaplane lọ́jọ́ yẹn mọ́. Ẹ máa sùn ní Malé tàbí Hulhumalé, ẹ máa san owó hòtẹ́ẹ̀lì míì, bẹ́ẹ̀ owó villa tẹ́ ò sùn níbẹ̀ ṣì ń ká lọ. Bó ṣe rí náà nìyẹn lọ́jọ́ ìpadàbọ̀: bí bàlúù yín bá máa gbéra ní Malé kí aago 9 àárọ̀ tó lù, seaplane ò lè gbé yín débẹ̀ lásìkò, àfi kẹ́ ẹ kúrò ní villa lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ìyẹn ni pé èèyàn lè san owó ọjọ́ márùn-ún kó sì sun ọjọ́ mẹ́ta, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì tó fi díẹ̀ dín lówó.

Iye tí seaplane máa ń jẹ́ láàárín $400 sí $700 fún ẹnì kan lálọ àtàbọ̀, àwọn resort míì tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí nínú iye tẹ́ ẹ rí lójú wẹ́bsáìtì.

Iye tẹ́ ẹ rí yàtọ̀ síye tẹ́ ẹ máa san

Tẹ́ ẹ bá rí àmì "++" lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó, ó túmọ̀ sí pé service charge (owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́) àti owó orí ṣì ń bọ̀. Service charge jẹ́ 10%. TGST, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ohun tí àlejò bá sanwó fún, jẹ́ 17% láti July 2025. Green tax, owó orí ti àyíká, tún wà níbẹ̀, $12 fún ẹnì kan ní alẹ́ kan ní resort, láti January 2025. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì ò san ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí àpẹẹrẹ. Ká ní wọ́n pe villa ní $1,000++ ní alẹ́ kan, ẹ̀yin méjì sì lẹ ń lọ fún alẹ́ mẹ́rin:

1. $1,000 pẹ̀lú 10% di $1,100.
2. 17% lórí $1,100 jẹ́ $187, ó di $1,287. Ẹ rí i pé orí service charge náà ni wọ́n ti ń yọ owó orí.
3. Green tax ẹ̀yin méjì jẹ́ $24, ó di $1,311.
4. Alẹ́ mẹ́rin jẹ́ $5,244.
5. Tí seaplane bá jẹ́ $600 fún ẹnì kan, ẹ fi $1,200 kún un: $6,444.

Ẹ ò tíì jẹun o. Owó bàlúù láti Nàìjíríà ò sì sí nínú ẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má gba yàrá tó jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ nìkan ló bá a wá, àyàfi tẹ́ ẹ bá ti wo iye oúnjẹ ibẹ̀ tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé agbára yín ká a. Kò síbi tẹ́ ẹ lè sá lọ ra nǹkan pọ́ọ́kú. Half board, ìyẹn àárọ̀ àti alẹ́, máa ń tó tọkọtaya tí wọ́n bá jẹun àárọ̀ pẹ́, tí wọ́n sì jẹ ẹ́ yó. Àmọ́ ẹ béèrè bóyá omi ìmu wà nínú ẹ̀ nígbà oúnjẹ alẹ́, torí níbòmíì ẹ máa san owó omi lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá mú ọmọ dání tàbí tẹ́ ẹ jẹ́ ẹni tó ń mu nǹkan tútù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, all inclusive, tí oúnjẹ àti ohun mímu ti wà nínú owó yàrá, ló máa fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, gbogbo all inclusive kọ́ ló rí bákan náà.

Tó bá jẹ́ àsìkò Kérésìmesì àti ọdún tuntun lẹ fẹ́ lọ, ẹ béèrè nípa gala dinner, ìyẹn àsè alẹ́ ọdún. Ọ̀pọ̀ resort ló ń fi dandan gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo àlejò, bóyá ẹ jẹ ẹ́ o, bóyá ẹ ò jẹ ẹ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa gba yàrá, ní títẹ̀léra

1. Ẹ mú oṣù tẹ́ ẹ máa lọ. December sí April ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn, òkun máa ń parọ́rọ́, owó sì máa ń ga. May sí October ni òjò àti afẹ́fẹ́ ń pọ̀, owó a wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ẹja manta ní Hanifaru Bay, ní Baa Atoll, àsìkò òjò yẹn gan-an ló dáa, láti May títí dé November.
2. Ẹ mú resort mẹ́ta, ẹ kọ irú ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ àti iye ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan.
3. Ẹ kọ ìméèlì sí resort fúnra ẹ̀: "Ẹ sọ gbogbo owó fún wa lápapọ̀, pẹ̀lú owó orí, ọkọ̀ àti oúnjẹ, fún ẹni méjì, alẹ́ mẹ́rin." Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ ní kíkọ.
4. Tó bá jẹ́ ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ gbé, ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ẹ̀bùn tàbí ẹ̀dínwó fún tọkọtaya tuntun, àmọ́ wọ́n lè ní kẹ́ ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wá, kí ìgbéyàwó náà má sì tíì pẹ́ jù. Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀.
5. Ẹ wá tíkẹ́ẹ̀tì tó máa balẹ̀ ní Malé láàárọ̀. Emirates gba Dubai, Qatar Airways gba Doha, Turkish gba Istanbul, gbogbo wọn ló ń wá sí Lagos.
6. Ìgbà tí tíkẹ́ẹ̀tì àti ọkọ̀ bá ti bára mu ni kẹ́ ẹ tó sanwó villa, ó sàn kó jẹ́ èyí tẹ́ ẹ ṣì lè fagi lé.
7. Ẹ fi nọ́ńbà bàlúù yín ránṣẹ́ sí resort. Bẹ́ ò bá fi ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá yín gba àyè nínú seaplane.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbà á lọ́wọ́ ejẹ́ńtì orí Instagram, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fi owó kankan sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni, ẹ gba nọ́ńbà ìfẹsẹ̀múlẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ṣọwọ́ sí ìméèlì tẹ́ ẹ fúnra yín mú lórí wẹ́bsáìtì resort, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá orúkọ yín wà níbẹ̀. Ejẹ́ńtì tó bá bínú sí ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìwé tẹ́ ẹ máa mú dání

Ní ti físà, ọkàn yín balẹ̀: ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún yín tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ọjọ́ 30, fún ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí. Àmọ́ pé ó jẹ́ ọ̀fẹ́ ò ní kí wọ́n má yẹ ìwé yín wò o. Ẹni tí ò bá ní ìwé pípé, wọ́n lè dá a padà.

- Pásípọ́ọ̀tù. Oṣù mẹ́fà ni kó ṣì kù lórí ẹ̀, torí ilé iṣẹ́ bàlúù lè má jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé tí ò bá tó bẹ́ẹ̀.
- Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀.
- Ìwé ibi tẹ́ ẹ máa sùn, fún gbogbo alẹ́ tẹ́ ẹ máa lò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ má gbójú lé fóònù.
- Ẹ̀rí pé ẹ lówó lọ́wọ́.
- Yellow card, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Dandan ni fún ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó débẹ̀, torí náà ẹ má fi dìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan.
- Fọ́ọ̀mù IMUGA, èyí tí àwọn aṣọ́bodè wọn ń béèrè. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ máa ń kún un, láàárín wákàtí 96 kẹ́ ẹ tó wọ bàlúù, ẹ tún máa kún òmíì nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà. Ọ̀fẹ́ ni. Wẹ́bsáìtì èyíkéyìí tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó kún un kì í ṣe ti ìjọba. Ti ìjọba ni imuga.immigration.gov.mv.

Owó wọn ni rufiyaa, àmọ́ dọ́là ni gbogbo resort fi ń ṣírò. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń ti owó kan mọ́ inú káàdì yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé, nítorí nǹkan tẹ́ ẹ máa rà. Ẹ bi báńkì yín iye tí káàdì náírà yín lè ná lókè òkun kẹ́ ẹ tó lọ, kó má di pé ẹ dúró síwájú àwọn èèyàn tí káàdì ń kọ̀. Káàdì dọ́là tó so mọ́ àkáǹtì domiciliary ló dáa jù, kẹ́ ẹ sì mú méjì dání.

Ẹrù

Tó bá jẹ́ seaplane lẹ máa wọ̀, kílò 20 ni ẹrù ńlá, kílò 5 ni ti ọwọ́. Ilé iṣẹ́ bàlúù láti Lagos lè gbà kẹ́ ẹ gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ò kan seaplane, ẹ máa sanwó lórí èyí tó bá lé. Nígbà míì tí bàlúù kékeré yẹn bá wúwo jù, ẹrù yín lè tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, torí náà aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, oògùn, àti ohun tẹ́ ẹ máa lò títí di alẹ́, inú báàgì ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kó wọn sí.

Ẹ kó dání:
- ìpara tó ń dènà oòrùn, irú èyí tí kì í ba iyùn inú òkun jẹ́. Awọ dúdú náà ń jó níbẹ̀ o, ìtòsí ìlà agbedeméjì ayé ni
- aṣọ alápá gígùn tí wọ́n ń wọ̀ sínú omi
- bàtà rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ rìn nínú omi
- dọ́là kéékèèké
- oògùn yín pẹ̀lú ìwé dókítà, pàápàá oògùn ìrora àti oògùn oorun, torí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ oògùn olóró ṣeré
- mílíìkì àti pampers ọmọ, tẹ́ ẹ bá mú ọmọ ọwọ́ lọ

Ṣájà yín máa wọ ara ògiri wọn tààrà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin bíi ti Nàìjíríà náà ni.

Ẹ má kó dání:
- ọtí irú èyíkéyìí, àtèyí tẹ́ ẹ rà ní duty free Dubai. Kọ́sítọ́ọ̀mù máa gbà á, ẹ tọ́jú rìsíìtì tí wọ́n bá fún yín kẹ́ ẹ lè gbà á padà nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ. Ọtí wà ní resort fún ẹni tó bá fẹ́
- ẹran ẹlẹ́dẹ̀
- vape. Wọ́n ti fòfin de kíkó o wọlé láti November 2024, wọ́n sì de mímu ẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e
- ère òrìṣà, kódà kó jẹ́ ẹ̀bùn fún ẹnì kan

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé

Ẹ jáde ní kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ wá káńtà tí wọ́n kọ orúkọ resort yín sí, wọ́n á wọn ẹrù yín, wọ́n á gbé yín lọ síbi tí seaplane ń dúró sí. Ẹ lè jókòó dúró fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe wọn, bàlúù yẹn máa ń dúró ní erékùṣù tó ju ẹyọ kan lọ. Kò sí nọ́ńbà ìjókòó, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń yan fèrèsé. Ariwo ẹ̀ pọ̀, ẹ fi nǹkan dí etí ọmọ.

Ẹ yí aago yín padà. Wákàtí mẹ́rin ni Maldives fi ṣíwájú Nàìjíríà, àmọ́ àwọn resort kan tún máa ń fi wákàtí kan sí i kí oòrùn lè pẹ́ lójú àlejò. Nígbà tí wọ́n bá fi àsìkò seaplane ìpadàbọ̀ ránṣẹ́ sí yín, tí wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, ẹ béèrè bóyá aago Malé ni àbí aago erékùṣù.

Ní villa, ẹnì kan máa wà tó ń bójú tó yín, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ẹ lò ó! Ẹ sọ ohun tẹ́ ò lè jẹ fún un lọ́jọ́ kìíní, ẹ ní kó bá yín gba àyè nílé oúnjẹ tó ń tètè kún. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ bi í níbi tí mọ́ṣáláṣí òṣìṣẹ́ wà. Fífún òṣìṣẹ́ lówó kì í ṣe dandan, service charge ti wà nínú owó, àmọ́ ẹni tó ṣe yín dáadáa, ẹ fún un níkọ̀kọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ.

Ọ̀rọ̀ omi, ẹ má fojú kéré ẹ̀

Omi yẹn mọ́ gaara débi pé èèyàn á rò pé kò jìn. Ibi tí òkúta iyùn parí sí, ilẹ̀ máa ń já wọ́ọ̀ sínú ibú, omi ibẹ̀ sì ń fa èèyàn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ omi wẹ̀ dáadáa, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ béèrè fún láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa fún yín.

1. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ bi àwọn tó ń bójú tó omi pé ibo lèèyàn lè wọ̀, ibo ni omi ti ń fà, ìgbà wo.
2. Ẹ má dá wọ omi.
3. Ẹ má tẹ iyùn mọ́lẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Nǹkan alààyè ni, ó sì ń gé èèyàn lára.
4. Ọmọdé ò gbọ́dọ̀ dá wà lórí pèpéle villa orí omi, kódà fún ìṣẹ́jú kan tẹ́ ẹ fẹ́ fi wọlé lọ mú táwẹ́ẹ̀lì.
5. Tẹ́ ẹ bá mòòkùn pẹ̀lú agolo afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó pé wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó wọ bàlúù.

Ẹ má ṣa ìkarahun, iyùn tàbí iyanrìn sínú báàgì lọ sílé, òfin ò gbà á, wọ́n sì ń yẹ ẹrù wò.

Bówó ò bá ká a

Ẹni tó wà l'Ékòó tó kàn fẹ́ ilé kan létí omi tí kò sí ẹlòmíì níbẹ̀, àwọn ilé etíkun tí wọ́n ń yáni ní Ilashe wà, bọ́ọ̀tì ló ń gbé èèyàn débẹ̀, ẹ lè gba odindi ilé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́. Òkun ibẹ̀ ò parọ́rọ́ bíi ọ̀sà Maldives o, ìgbì ẹ̀ le, inú pool ni kẹ́ ẹ ti wẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ Maldives, ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyí: ẹ sun alẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ilé àlejò lórí erékùṣù tí àwọn ará ìlú ń gbé, bíi Maafushi, Thulusdhoo tàbí Dhigurah, kẹ́ ẹ wá fi alẹ́ kan tàbí méjì parí ẹ̀ ní resort tí spíìdì bọ́ọ̀tì ń lọ. Green tax ilé àlejò tí yàrá ẹ̀ ò ju 50 lọ jẹ́ $6. Ẹ tiẹ̀ lè má sùn ní resort rárá, kẹ́ ẹ sanwó ọjọ́ kan péré, kẹ́ ẹ wọ omi, kẹ́ ẹ jẹun, kẹ́ ẹ padà ní ìrọ̀lẹ́.

Ìlú Mùsùlùmí ni àwọn erékùṣù yẹn, wọn kì í ta ọtí níbẹ̀ rárá. Ẹ bo èjìká àti orúnkún tẹ́ ẹ bá ń rìn láàárín ìlú, bikini ò kọjá etíkun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Tó bá bọ́ sí Ràmàdánì, ilé oúnjẹ lè tì látàárọ̀ títí di àkókò ìṣínu, ẹ bi ilé àlejò yín kẹ́ ẹ tó sanwó, kí wọ́n sọ bí ẹ ṣe máa rí oúnjẹ ọ̀sán jẹ.